Ilé Tí Kò Ní Onílé: Ṣé Ó Yẹ Ká Kágò Níbẹ̀?

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ darí ọkọ̀ tiwọn fúnra wọn lọ síbi tí yóò ti jóná. Ọkọ̀ ojú sánmà ni o, kì í ṣe mọ́tò. Galileo ni orúkọ rẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 1989 ni wọ́n ta á sókè, ó sì rin ìrìn ọdún mẹ́fà kó tó dé ọ̀dọ̀ Júpítà, pílánẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù lọ nínú gbogbo àwọn tó ń yí oòrùn wa po. Bí ọdún mẹ́jọ ló fi wà níbẹ̀, tó ń ya àwòrán, tó ń fi ránṣẹ́ sílé. Nígbà tí epo inú rẹ̀ fẹ́ tán, wọ́n kọ orí rẹ̀ sí Júpítà gan-an, ó já wọ inú ìkùukùu pílánẹ́ẹ̀tì náà, ó sì parẹ́ pátápátá.

Ẹ ó bi mí pé, kí ló dé? Ṣé ọkọ̀ náà ṣẹ̀ wọ́n ni?

Rárá o. Òṣùpá kan ló fà á. Júpítà ní òṣùpá púpọ̀, kò dà bíi tiwa tó jẹ́ ẹyọ kan. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Europa. Yìnyín ló bo gbogbo ara rẹ̀, àwọn onímọ̀ sì gbà pé òkun ńlá kan wà lábẹ́ yìnyín yẹn. Ibi tí omi bá wà, ó ṣeé ṣe kí nǹkan ẹlẹ́mìí wà níbẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan o. Wọn ò rí eèrà, wọn ò rí ewé. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé bí epo bá tán, tí ọkọ̀ wá ń rìn kiri láìsí ẹni tó lè darí rẹ̀ mọ́, ó lè lọ já lu Europa lọ́jọ́ kan, kí kòkòrò àìfojúrí tó bá a lọ láti ilé ayé sì dà sínú omi ẹlòmíràn. Nítorí "bóyá" yìí nìkan, wọ́n sun ọkọ̀.

Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà nípa sáyẹ́ǹsì, n kò rí ìwà ọmọlúàbí tó ju ìyẹn lọ. Ní ilẹ̀ wa, bí ẹnìkan bá dé ẹnu ọ̀nà ilé onílé, bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, yóò kọ́kọ́ dúró, yóò pe "Àgò onílé o!" Bí wọ́n bá dáhùn pé "Àgò yà," ìgbà náà ni yóò tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Àwọn ará Amẹ́ríkà wọ̀nyí dé ẹnu ọ̀nà Europa, wọ́n kágò, wọn ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, wọ́n sì yí ẹsẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n Europa ní aládùúgbò kan, òṣùpá Júpítà bíi tirẹ̀, tó ń jẹ́ Io. Àwọn kan náà tó kágò fún Europa ló sọ pé Io kò nílò àgò. Ìwé òfin wọn ló wí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tèmi wà lónìí: ilé tí gbogbo ayé bá gbà pé kò ní onílé, ṣé ó yẹ ká kágò níbẹ̀, abí ká kàn já wọlé?

Kí n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, nítorí ẹni tí kò mọ ilé kò lè bá wa dá ẹjọ́ rẹ̀.

Galileo Galilei, ará Ítálì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ yẹn, ló fi awò rí Io àti àwọn mẹ́ta mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Júpítà ní oṣù kìíní ọdún 1610. Láti ìgbà náà títí di nǹkan bí ọdún 370 lẹ́yìn rẹ̀, àmì ìmọ́lẹ̀ kékeré lásán ni Io lójú ẹni tó bá ń wò ó. Ó tóbi ju òṣùpá tiwa lọ díẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé bí òṣùpá tiwa ṣe rí náà ni yóò ṣe rí: ilẹ̀ tútù, ilẹ̀ òkú, tí òkúta ojú ọ̀run ti lù ní àlùdájọ̀, tó kún fún kòtò káàkiri.

Ọdún 1979 ni àṣírí tú. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Stanton Peale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé ìwé kan jáde pé bí ìṣirò àwọn bá tọ́, inú Io gbọ́dọ̀ ti yọ́ nítorí ooru. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ Voyager 1 kọjá níbẹ̀. Lẹ́yìn tó ti kọjá tán, obìnrin kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, Linda Morabito, ń yẹ àwòrán kan wò kó lè mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Ìràwọ̀ ló ń wá. Ohun tó rí ni ìkùukùu kan tó yọ ní etí Io bí agboòrùn. Òkè ayọnáyèéfín ló ń tú u jáde, ó sì ga sókè tó bí 300 kìlómítà. Ẹ fi ojú wò ó ná: àlọ àti àbọ̀ láti Èkó sí Ìbàdàn kò tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ibòmíràn lẹ́yìn ilé ayé wa tí ẹnikẹ́ni ti rí òkè oníná tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Kí ló ń dá iná sí i nínú? Ẹ mú wáyà kan, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn kíákíá, kí ẹ wá fọwọ́ kan ojú ibi tí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Yóò ti gbóná. Ohun tí Júpítà ń ṣe sí Io nìyẹn. Wákàtí 42 àti àbọ̀ ni Io fi ń yí Júpítà po lẹ́ẹ̀kan. Bó bá yí i lẹ́ẹ̀mejì, Europa á yí i lẹ́ẹ̀kan. Bó bá yí i lẹ́ẹ̀mẹrin, Ganymede tó wà lókè wọn á yí i lẹ́ẹ̀kan. Wọn kì í ṣi ìlù náà lù láé. Àwọn méjì yìí ń fà á síhìn-ín, Júpítà ń fà á sọ́hùn-ún, kò lè rìn lójú ọ̀nà róbótó gẹ́lẹ́, nítorí náà bó ṣe ń súnmọ́ Júpítà tó tún ń jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ń wú tó tún ń fọ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ ni mo ń wí o, kì í ṣe omi òkun. Ilẹ̀ náà lè gbé ara sókè kó tún wálẹ̀ tó bí 100 mítà, bí ìgbà tí ilẹ̀ abẹ́ Cocoa House n'Ìbàdàn bá gbéra títí dé òrùlé ilé náà, tó tún padà sísàlẹ̀. Ìfàgbọ̀n-ọ́n yìí ló ń yọ́ òkúta inú rẹ̀.

Òkè oníná tó wà níbẹ̀ tó bí 400. Èyí tí wọ́n ń pè ní Loki, adágún òkúta yíyọ́ ni, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sí èkejì jẹ́ bí 200 kìlómítà. Ibi tí iná kò bá sí, òtútù ibẹ̀ ju ohun tí ẹnu lè sọ lọ, ìwọ̀n 130 sísàlẹ̀ òdo; ibi tí iná bá sì wà, ó ju 1,200 lọ. Imí ọjọ́ ló bo ilẹ̀ náà: ó pọ́n níbìkan, ó pupa níbòmíràn, ó dúdú láwọn ibì kan, èyí tó funfun sì dà bí ìrì dídì. Wọn kò rí kòtò kan ṣoṣo tí òkúta ojú ọ̀run gbẹ́ níbẹ̀, nítorí pé ohun tí àwọn òkè yìí ń pọ̀ jáde ń bo ojú gbogbo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀. Ìtànṣán olóró láti ọ̀dọ̀ Júpítà wá ń rọ̀ lé ibẹ̀ lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀sán kan òru kan ti pọ̀ jù láti pa ènìyàn.

Ẹ̀yin náà rí i pé kì í ṣe ibi tí a ń lọ kọ́lé sí. Kò sí omi, kò sí afẹ́fẹ́ tó ṣeé mí.

Ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àgbáyé kan wà tí orúkọ ìkékúrú rẹ̀ ń jẹ́ COSPAR. Àwọn ló pín gbogbo ibi tí ọkọ̀ lè lọ ní ojú sánmà sí ìsọ̀rí márùn-ún. Ibi tí wọ́n bá rò pé ẹ̀mí lè wà, ìsọ̀rí rẹ̀ le, wọ́n á fọ ọkọ̀, wọ́n á yan ọkọ̀ nínú ooru, wọ́n á ka iye kòkòrò tó kù lára rẹ̀. Europa wà níbẹ̀. Io wà ní ìsọ̀rí kìíní, níbi tí kò sí ìmọ́tótó kankan tí wọ́n ń béèrè. Ẹ lè fi ọkọ̀ fò ó kọjá, ẹ lè bà lé e, ẹ lè já lù ú. Òfin kò wí nǹkan kan.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú alábàáṣiṣẹ́ mi kan, ọmọkùnrin tó gbọ́n, tí ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, kí ni òkúta mọ̀? Ta lẹ fẹ́ kó dáhùn pé àgò yà? Ebi ń pa ènìyàn nílẹ̀ yìí, ẹ ń ṣàánú imí ọjọ́."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá lè ní ìrora, tí kò lè pàdánù, tí kò lè retí ọ̀la, báwo la ṣe fẹ́ ṣẹ̀ ẹ́? Bí mo bá tapá sí òkúta, èmi ni yóò dùn. N ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé òkúta ní ọkàn. Àwọn baba wa a máa bọ Olúmọ l'Ábẹ́òkúta lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpáta tó gbà wọ́n là lọ́jọ́ ogun ni, wọ́n ní ohun tí wọ́n jọ ṣe. A ò tíì jọ ṣe nǹkan kan pẹ̀lú Io.

Síbẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ fara pamọ́ sí ibì kan tó yẹ ká tú wò. Ó rò pé onílé nìkan ni àgò wà fún. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Bí o bá dé ilé ọ̀rẹ́ rẹ, tó o sì mọ̀ dájú pé ó ti rìnrìn àjò, pé ìyàwó àtọmọ kò sí nílé, ìwọ nìkan ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́, ṣé o ò ní pe àgò? Púpọ̀ nínú wa máa pè é. Ẹnu wa á kàn pè é ni. Kò sì sí ẹni tó máa sọ pé orí wa dàrú. Àgò ń ṣe nǹkan kan fún ẹni tó pè é. Ó ń dá a dúró ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń rán an létí pé àlejò ni. Ẹni tó ti pe àgò kì í ṣe bí onílé mọ́, kì í kàn ṣí ìkòkò wò. Èyí tó ti já wọlé láìdúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé yàrá kó tó rántí pé ilé onílé ni.

Èyí tó tún ń kọ mí lóminú jù ni ti ẹni tó ń dájọ́ pé ilé kò ní onílé. Ta ni? Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó fẹ́ wọlé náà ni.

Ní ilé ẹ̀kọ́, nígbà tiwa, wọ́n kọ́ wa pé Mungo Park ló ṣàwárí Odò Ọya. A há a sórí, a kọ ọ́ sínú ìdánwò, wọ́n fún wa ní máàkì. Ọdún 1796 ni Mungo Park dé etí odò náà ní Ségou, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Mali lónìí. Ìlú ńlá ló bá níbẹ̀, ìlú tó ní ọba, tó ní odi, tó ní ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò kọjá. Àwọn apẹja ibẹ̀ ò mọ̀ pé odò àwọn ti sọnù rí. Ní ọdún 1770 ní tirẹ̀, James Cook dúró sí erékùṣù kékeré kan, ó fi àsíá gúnlẹ̀, ó ní gbogbo etíkun ìlà-oòrùn Ọsirélíà di ti ọba òun, ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ènìyàn sì ti ń gbé ilẹ̀ yẹn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún lọ́nà àìmọye. Àwọn tó tẹ̀lé e ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ tí kò ní onílé ni, wọ́n pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ọdún 1992 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Ọsirélíà tó sọ pé irọ́ ni, pé ilẹ̀ náà ní onílé láti ọjọ́ tó ti wà. Ó gbà wọ́n ju 200 ọdún lọ kí wọ́n tó gbọ́ "àgò yà" tí ẹnikẹ́ni kò pè.

Mo mọ̀ pé Io kì í ṣe Ọsirélíà. Kò sí apẹja níbẹ̀. Kò sí ẹni tí a fẹ́ gba oko rẹ̀. Àwọn tó kọ òfin COSPAR kò purọ́, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ wọn: ibi tí kò lómi, tí iná àti ìtànṣán olóró ń pa gbogbo nǹkan, kò jọ ibi tí ẹ̀mí ń gbé. Ohun tí mo ń wí ni pé àwa ènìyàn ò tíì fi hàn pé a mọ ilé òfìfo nígbà tí a bá rí i. Ọdún méjì péré kí Voyager tó rí iná Io, ní 1977, àwọn onímọ̀ kan wọ inú ọkọ̀ abẹ́ omi lọ sí ìsàlẹ̀ òkun nítòsí erékùṣù Galápagos. Òkùnkùn biribiri ni, omi gbígbóná olóró ń tú jáde láti inú ilẹ̀, oòrùn kò dé ibẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó retí pé òun máa bá àgbàlá tó kún fọ́fọ́ níbẹ̀. Wọ́n bá ìṣáwùrú ńláńlá, wọ́n bá ekòló òkun tó gùn, gbogbo wọn ń jẹ, ń mu, ń bímọ. Àwọn tí wọ́n ti ń sọ pé ibi tí oòrùn ò dé kò lè ní irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ panu mọ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó mú ọ̀rọ̀ náà dé ilé wa.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé ló ń sọ àwọn nǹkan ojú sánmà lórúkọ. Fún Io, wọ́n ní àwọn òkè oníná rẹ̀ yóò máa jẹ́ orúkọ òrìṣà iná, òrìṣà àrá, òrìṣà oòrùn àti ti àwọn alágbẹ̀dẹ, láti ọ̀dọ̀ gbogbo ẹ̀yà tó wà láyé. Pele tó wà níbẹ̀, òrìṣà àwọn ará Hawaii ni. Prometheus ti àwọn Gíríìkì ni, Amirani ti Georgia, Tvashtar ti Íńdíà, Tupan ti àwọn ọmọ ilẹ̀ Brazil tó ti wà níbẹ̀ kí Potogí tó dé. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Shango Patera. Ẹ ò ṣì í kà. Ṣàngó ni, Ọba Kòso, ọkọ Ọya. Patera, èdè Látìnì ni, àwo pẹrẹsẹ ni ìtumọ̀ rẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkè Io kò ga, wọ́n tẹ́ sílẹ̀ bí àwo. Àwo Ṣàngó wà lójú ọ̀run, ẹ̀yin ará.

Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo kà á. Ó tún dùn mọ́ mi pé kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo ló sọ ibẹ̀ lórúkọ. Nílé wa, bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, ìyá bàbá á fi owó sílẹ̀, á sọ tirẹ̀, ìyá ìyá á sọ tirẹ̀, aládùúgbò náà á sọ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè torí orúkọ tó sọ gbé ọmọ lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Io, ó sì dára.

Ṣùgbọ́n ó pa mí lẹ́rìn-ín náà. Ẹ ti gbé Ṣàngó síbẹ̀, ẹ gbé Pele síbẹ̀, ẹ kó gbogbo abinúfùfù òrìṣà ayé jọ sójú kan, ẹ wá kọ ọ́ sínú ìwé òfin pé ilé náà kò ní onílé! Ta ló ń wọ ilé Ṣàngó láìkágò? Alábàáṣiṣẹ́ mi yẹn, ọmọ ìjọ ni, kò bẹ̀rù Ṣàngó, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ èyí fún un, ó dákẹ́ díẹ̀.

Ó wá béèrè pé tí a bá ní ká kágò lóòótọ́, kí la máa ṣe? Ṣé ká dúró sẹ́nu ọ̀nà ká má lọ ni? Rárá. Àgò kọ́ ni "mi ò wọlé." Ọkọ̀ Juno tí Amẹ́ríkà rán lọ ní 2011 fi bó ṣe yẹ kó rí hàn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 2023, àti ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2024, ó kọjá lókè Io ní nǹkan bí 1,500 kìlómítà. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó rí ojú adágún Loki bó ṣe ń dán bíi gíláàsì, tó ní erékùṣù láàárín. Ó wọn bí agbára òòfà Io ṣe ń fa òun, láti inú ìyẹn ni wọ́n sì ti mọ̀ pé kò sí òkun òkúta yíyọ́ tó yí gbogbo ibẹ̀ ká nítòsí ojú ilẹ̀, bí àwọn kan ti rò tẹ́lẹ̀. Láti ìta ló ti mọ inú ilé. Galileo gan-an súnmọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó wà ní nǹkan bí 100 kìlómítà péré sí i ní oṣù kìíní ọdún 2002, ó tilẹ̀ ti la èéfín òkè kan kọjá ṣáájú ìgbà náà. Ìyẹn náà ò burú. Àlejò tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ni.

Èyí tí mò ń bẹ̀rù ni èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ wo òṣùpá tiwa. Òun náà, wọ́n ní òkú ilẹ̀ ni, ìsọ̀rí rẹ̀ kò le. Àwọn ọkùnrin 12 tó rìn lórí rẹ̀ láàárín 1969 sí 1972 fi ohun gbogbo sílẹ̀ níbẹ̀, tó fi dé orí àpò ìgbẹ́ wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ọkọ̀ Beresheet tó ti Ísírẹ́lì lọ já lù ú, ó fọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòkòrò kéékèèké tí wọ́n dì sínú rẹ̀ sì lè ti dà síbẹ̀. Ẹ̀ka òfin wo ni wọ́n fẹ́ fi mú ẹnikẹ́ni? Ilé tí kò ní onílé ni.

Ti owó tún wà níbẹ̀. Àdéhùn àgbáyé kan wà láti 1967, Nàìjíríà náà sì wà nínú rẹ̀, tó sọ pé kò sí orílẹ̀-èdè tó lè sọ pé òun ló ni òṣùpá tàbí pílánẹ́ẹ̀tì kankan. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ní 2015, Amẹ́ríkà ṣòfin pé ohun tí ilé iṣẹ́ wọn bá wà jáde láti inú àwọn ibẹ̀ yẹn, ti ilé iṣẹ́ náà ni. Luxembourg ṣe irú rẹ̀ ní 2017. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ ti gbọ́ irú èdè yìí rí: "Ilẹ̀ kì í ṣe tèmi o, ṣùgbọ́n yanrìn tí mo bá wà níbẹ̀, tèmi ni." Io jìnnà, iná sì ń ṣọ́ ọ, kò sẹ́ni tó máa lọ wa imí ọjọ́ níbẹ̀ láyé tiwa. Àmọ́ ìwà kì í dúró dìgbà tí a bá débẹ̀. Bí a ṣe kọ́ ọ lórí èyí tó súnmọ́ wa ni a ó ṣe gbé e dé èyí tó jìnnà.

Kí n má fi gbogbo rẹ̀ bú wọn. Voyager 1, ọkọ̀ tó rí iná Io, gbé àwo orin kan tí wọ́n fi wúrà bò dání. Ìkíni ní èdè 55 ló wà nínú rẹ̀, fún ẹnikẹ́ni tó bá lè pàdé rẹ̀ lọ́nà. Àgò ni mo pe ìyẹn. Wọ́n ti ń kí onílé tí wọn ò mọ̀ bóyá ó wà. Èdè Yorùbá ò sí nínú 55 ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ àwa la mọ ìkíni jù. Kí a fi ìyẹn sílẹ̀ jàre.

Ó ku ibì kan. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti fi awò rí i láti ilé ayé pé ìkùukùu sodium, nǹkan tó wà nínú iyọ̀ tí a ń jẹ, yí Io ká. Ọ̀dọ̀ àwọn òkè rẹ̀ ló ti ń wá. Ìmọ̀ yìí ni wọ́n mú dání lọ wo ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ WASP-49, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba ọdún 635 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń rí ti gbéra kí Potogí tó fojú kan etíkun wa. Pílánẹ́ẹ̀tì ńlá kan ń yí ìràwọ̀ náà po, ìkùukùu sodium sì wà nítòsí rẹ̀ tí kò bá ìrìn pílánẹ́ẹ̀tì náà mu. Ní 2024, àwọn onímọ̀, tí Apurva Oza wà lára wọn, kọ̀wé pé ó ṣeé ṣe kí òṣùpá oníná kan bí Io wà níbẹ̀ tó ń tú u jáde.

Ọkọ̀ kankan ò lè dé ibẹ̀. Bí Voyager bá kọrí síbẹ̀ bó ṣe ń sáré yẹn, ó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá ọdún lọ kó tó dé. Wíwò nìkan ló kù. Mo wá kíyè sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ ìwé náà: ó ṣeé ṣe, ó jọ pé, ó yẹ ká tún wò ó. Wọn kò sọ pé àwọn ti ṣàwárí rẹ̀, bí wọ́n ti sọ ọ́ nítorí Mungo Park. Wọ́n dúró síta. Òṣùpá ọ̀hún, bó bá tilẹ̀ wà, kò sẹ́ni tó tíì fún un lórúkọ òrìṣà kankan.